Ẹ Tú Bíréèkì Sílẹ̀! Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè

Òórùn pádì bíréèkì tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá, kí n tó rí ẹni tó ni ín. Mo wà ní ìsàlẹ̀ ibi tó dà gẹ̀rẹ́ jù nínú ọgbà, mò ń fi ṣọ́bìrì tún ojú ọ̀nà ṣe, ni arákùnrin kan bá yọ láti òkè. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tuntun, ó ń dán gbinrin. Ìka rẹ̀ ti le gbagidi mọ́ bíréèkì, táyà ẹ̀yìn kò yí rárá, ńṣe ló ń wọ́ nílẹ̀, tí eruku ń sọ lálá. Nígbà tó dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì yìí ò da nǹkan kan, mo fẹ́ lọ ra òmíràn." Mo wo bíréèkì náà. Kò sóhun tó ṣe é.

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá rí ẹni tó ń da owó sínú ajádìí agbọ̀n báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí ẹ wá ń wọ àwọn ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

1. Ríra ohun tó fúyẹ́ dípò ohun tó ń di ilẹ̀ mú. Táyà méjì péré ló kan ilẹ̀ lára kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó ná owó gọbọi lórí férémù kábọ́nù ni ẹ ó rí pẹ̀lú táyà tí eyín rẹ̀ kò ju eyín ìlarun ọmọdé lọ. Táyà iwájú tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀, tí eyín rẹ̀ ga, tó sì fẹ̀ tó íǹṣì 2.4, yóò ṣe yín lóore ju férémù tó fi kílò kan fúyẹ́ lọ. Ẹ ra táyà ná.

2. Táyà tó le bí òkúta. Bó bá ti le jù, á máa fò lórí gbòǹgbò ni, kò ní dì í mú. Ẹni tó wọn nǹkan bíi kílò 75, tí táyà rẹ̀ kò lo túùbù, lè bẹ̀rẹ̀ láti psi 22 (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà ni psi) níwájú àti 25 lẹ́yìn, kó wá máa fi ẹyọ kan ẹyọ kan dín in tàbí kó fi kún un. Omi tó ń dí ihò nínú táyà náà sì máa ń gbẹ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ yọ táyà, ẹ gbé e sétí, ẹ mì í. Bí ẹ kò bá gbọ́ omi, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

3. Ìjókòó tó ga. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀.

4. Fífún bíréèkì látòkè délẹ̀. Ibi tí inú mi ti ń ru gan-an nìyí, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Iṣẹ́ bíréèkì ni kó sọ eré di ooru. Bí ẹ bá fún un dáadáa fún ìgbà díẹ̀, tí ẹ sì tú u, díìsì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ róbótó tí pádì ń di mú, á gbóná, atẹ́gùn á sì fẹ́ sí i títí ẹ ó fi tún nílò rẹ̀. Bí ẹ bá wá fún un jẹ́jẹ́ láti òkè títí dé ìsàlẹ̀ láìtú u, ooru á kàn máa gun orí ooru ni. Pádì á kọ́kọ́ máa dán bíi gíláàsì, kò sì ní lè di díìsì mú mọ́. Lẹ́yìn náà ni ooru á wọ inú ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì DOT, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti pẹ́ tí ẹ kò pààrọ̀ rẹ̀, omi inú rẹ̀ á hó, á di afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ bíréèkì á fi wọlé títí kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí kẹ̀kẹ́ ò sì ní dúró.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ díje lórí ọ̀nà kan ní agbègbè Marin, ní Kalifọ́níà, tó sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 400 láàárín kìlómítà mẹ́ta lé díẹ̀. Gary Fisher àti Joe Breeze wà lára wọn. Bíréèkì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn àárín gbùngbùn táyà ẹ̀yìn, ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Ooru máa ń jó gíríìsì inú họ́ọ̀bù náà gbẹ, débi pé wọ́n ní láti tú u, kí wọ́n sì fi gíríìsì mìíràn dì í kí wọ́n tó tún lè sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà náà ti gba orúkọ rẹ̀, Repack, ìyẹn "tún un dì". Àwọn yẹn kò ní ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ní díìsì. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi máa sun ún níná.

Èmi náà ṣe é. Nínú ọdún kẹta mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra bíréèkì tuntun, nítorí ẹni tó tà á fún mi ní èyí tí mo ní kò lágbára tó. Kò bi mí bí mo ṣe ń fún un. Èyí tó wọ́n jù nínú méjèèjì ló já mi kulẹ̀. Mo fẹ́ yà ní kọ́nà tó kẹ́yìn, mo fún bíréèkì, ó rọ̀ wọlé bí ẹni fún kànìnkànìn. Mo wọ inú igbó, mo sì fi èjìká gbá gbòǹgbò igi. Egungun tó so èjìká mọ́ àyà kán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gbé ọwọ́ kọ́rùn. Àgbà kan tí a jọ ń gun òkè ló yọ pádì náà, ó gbé e sójú oòrùn, ó ní, "Wo bó ṣe ń dán. Ìwọ lo sun ún."

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ wo iwájú, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti le, tí kò ti sí gbòǹgbò àti òkúta wẹ́wẹ́. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti fún bíréèkì dáadáa, ìka kan ṣoṣo lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó dé orí gbòǹgbò, kí ẹ tó yà, ẹ tú u. Táyà tó ń yí ló ṣeé darí, èyí tó bá ti dúró á kàn máa yọ̀ lọ síbi tó wù ú. Bí ibẹ̀ bá dà débi pé ẹ kò lè tú u pátá, ẹ fún un, ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ tún fún un. Bí ọ̀nà náà bá gùn, ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí díìsì tutù. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, yóò bó yín lọ́wọ́.

Ẹ má sì bẹ̀rù bíréèkì iwájú. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, iwájú ni gbogbo ẹrù ń wá, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bí ẹ bá ń lo ti ẹ̀yìn nìkan, táyà ẹ̀yìn á kàn máa yọ̀ ni. Ohun tó ń gbé èèyàn fò kọjá lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni pé ó gán bíréèkì lójijì nígbà tí ara rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé ìwúwo yín sórí ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ lọ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fa ìlà kan, ẹ sáré dé ibẹ̀, kí ẹ dúró lórí rẹ̀ láìjẹ́ kí táyà kankan wọ́. Ẹ ṣe é títí ara á fi mọ̀ ọ́n.

Táyà tó ń wọ́ nílẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó gbẹ́ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òjò rọ̀, omi gba ibẹ̀, lẹ́yìn òjò mélòó kan ó ti di kòtò tó gba orókún mi. Àwa tí a ń tún ọ̀nà ṣe máa ń ru òkúta gun òkè láti fi dí i. Nígbà tó bá sì ti sú àwọn alábòójútó ọgbà, ọ̀nà náà ni wọ́n ń tì mọ́ gbogbo wa.

Pádì tuntun tún wà o! Ẹ má kàn fi í sí i kí ẹ gbòkè lọ. Ẹ sáré díẹ̀, ẹ fún un títí kẹ̀kẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ẹ tú u. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ogún ìgbà fún iwájú, ogún fún ẹ̀yìn, kí táyà má ṣe wọ́. Ẹni tí kò bá ṣe é, bíréèkì rẹ̀ á máa han, kò sì ní mú, á wá lọ ra òmíràn. Bí ẹ bá sanra tàbí tí òkè yín ga, díìsì tó fẹ̀ tó mìlímítà 203 níwájú dípò 160 lè tó yín láìra bíréèkì tuntun rárá, bí fọ́ọ̀kì yín bá gbà á.

Ọ́ìlì ṣéènì tó ń fọ́n: ẹ má lò ó nítòsí díìsì láé.

Àṣìṣe mìíràn ni kéèyàn sá sẹ́yìn jù. Wọ́n ti sọ fún un pé kó gbé ìdí sẹ́yìn, ó wá lọ so rọ̀ sókè táyà ẹ̀yìn, apá rẹ̀ nà tantan. Táyà iwájú kò rí ìwúwo kankan, kò lè yà. Ẹ tẹ ìbàdí, ẹ rẹ àyà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ ṣí síta.

Ẹ tún ṣọ́ọ̀kì ṣe sí ìwúwo ara yín. Ẹ wọ gbogbo ohun tí ẹ máa ń wọ̀, ẹ jókòó lórí kẹ̀kẹ́, ẹ wo òrùka rọ́bà ara ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Bó bá wọlé tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tó lè wọlé dé, ó dáa.

Akoto tó bá ti kọlu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ ṣubú kì í ṣe akoto mọ́. Fóòmù inú rẹ̀ lè ti fọ́, bí ẹ kò tilẹ̀ rí i.

Bí ẹsẹ̀ yín bá ń rì lójú ọ̀nà lẹ́yìn òjò, ẹ padà sílé. Ẹ má la ọ̀nà mìíràn yípo ibi tó bà yín lẹ́rù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó ń gòkè bọ̀ ni kí ẹ yà fún.

Arákùnrin Sátidé yẹn, a yọ pádì rẹ̀, mo fi sáńpépà tó wà nínú àpò mi ha ojú rẹ̀ títí dídán náà fi lọ. A jọ ti kẹ̀kẹ́ gòkè, mo sì fi ibi mẹ́ta tó ti lè fún bíréèkì hàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ̀ kalẹ̀. Ní ìgbà kẹta, mo dúró síbi tí mo dúró sí láàárọ̀, n kò gbọ́ òórùn kankan. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, ó sì wá bá mi dí ibi tí táyà rẹ̀ gbẹ́.