Bí O Ṣe Lè Ka Ìwé Nípa Ìwà Ẹranko, Kí O sì Fojú Ara Rẹ Rí I

Aṣọ ni mo ń rán ní Èbúté Mẹ́tta, ṣọ́ọ̀bù mi sì kọjú sí fẹ́ǹsì ilé kejì. Bí iná bá lọ tí oníbàárà ò tíì dé, ìwé ni mo máa ń kà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tó jẹ́ pé, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ ní Yábàá, ìwé àwọn tó jókòó ti ẹranko tí wọ́n ń ṣọ́ ìṣe rẹ̀ ni mo máa ń wá. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó di ẹni tó bá wọ igbó kó tó lè gbádùn irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Yan ẹranko kó o tó yan ìwé. Ìwé kìnnìún dùn ún kà lóòótọ́, àmọ́ o ò ní kìnnìún nílé tó o máa fi yẹ ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé wò. Tó bá jẹ́ adìẹ ni, wàá ka ojú ewé méjì, wàá dìde, wàá lọ wò ó lẹ́yìnkùlé bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹranko ò sì wọ́n l'Ékòó: alángbá wà lára ògiri, èèrà wà nínú ṣúgà, ológbò wà lórí páànù, ẹ̀ga wà lórí ọ̀pẹ.

Ra ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan, kó o fi rúlà fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Apá òsì ni ti ojú, apá ọ̀tún ni ti ọkàn. Ohun tó o rí ni kó o kọ sí òsì. Ohun tó o rò pé ó fà á, kọ ọ́ sí ọ̀tún, má sì jẹ́ kí wọ́n fo ìlà. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ èèyàn nìkan ni wọ́n ń sọ. Ìgbà tí mo jókòó ti alángbá gan-an ló tó yé mi pé ìkìlọ̀ ni fún ẹni tó bá fẹ́ wo ẹranko. Nítorí náà, má kọ "alángbá ń bínú" sí apá òsì. Kọ ọ́ pé: ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó fi ọwọ́ iwájú méjèèjì ta ara rẹ̀ sókè, èkejì sá sẹ́yìn garawa. Ìbínú, tó bá wà, apá ọ̀tún ló ń gbé.

Ìtàn ẹṣin kan ni kò jẹ́ kí n fi ìlà yìí ṣeré. Hans ni wọ́n ń pè é, ní Berlin, nílẹ̀ Jámánì. Olówó rẹ̀, von Osten, tó ti ṣe tíṣà rí, gbà pé ẹṣin òun mọ ìṣirò: tí wọ́n bá ní kó ro mẹ́ta mọ́ mẹ́rin, á fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Ní 1904 àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí màgòmágó kankan. Oskar Pfungst, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ló wá ṣe ohun tó rọrùn: ó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ìdáhùn béèrè lọ́wọ́ ẹṣin. Hans bá ń ṣì í. Ara ẹni tó ń béèrè ló ń wò. Bí iye náà bá ti pé, onítọ̀hún á mi orí díẹ̀ láìmọ̀, ẹṣin á sì dúró. Von Osten ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló kọ sí apá ti ojú. Lójú tèmi, ohun tí ẹṣin yẹn ń ṣe gan-an yani lẹ́nu ju ìṣirò lọ, torí ó ń rí ohun tí odindi ìgbìmọ̀ ò rí.

Jókòó síbì kan náà, lákòókò kan náà, ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Má fún ẹranko tó o yàn lóúnjẹ, má sọ̀kò, má pè é. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kì í sábà ní nǹkan kan nínú, torí ìwọ ni ẹranko náà ń wò.

Ọ̀dọ̀ adìẹ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù. Nígbà tí Jane Goodall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá di gbajúmọ̀ nídìí ṣíṣọ́ ìnàkí, ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún lọ, ó wọ ilé adìẹ, ó sá pamọ́ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó lè rí ibi tí ẹyin ń gbà jáde. Gbogbo ilé ti ń wá a. Nígbà tó yọ, ìyá rẹ̀ ò bá a wí. Ó jókòó, ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ títí dé òpin. Ọmọ yẹn náà ló lọ sí Gombe ní 1960 (ti ilẹ̀ Tanzania o, kì í ṣe ti àríwá wa níbí), tó sì rí ìnàkí kan tó ń ti koríko bọ ilé ikán láti fi fa ikán jáde jẹ. David Greybeard ló sọ ìnàkí náà, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń fún ẹranko. Kọ́ ìyẹn lára rẹ̀: sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tí kò lórúkọ, o ò ní rántí ohun tó ṣe lánàá. Márùn-ún ni tèmi: Ìyá Pupa, Dúdú, Eléérú, Kékeré, àti Ọ̀pìpì tí ìyẹ́ rẹ̀ ò pọ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tó ti ń ṣọ́ adìẹ láti kékeré, kọ ọ́ jáde ní 1922 pé adìẹ kọ̀ọ̀kan mọ èyí tí òun lè ṣá àti èyí tó lè ṣá òun. Mo ní kí n wò ó. Mo da àgbàdo sílẹ̀, mo jókòó sórí àpótí. Dúdú sáré dé, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Pupa ò ṣá a. Ó kàn gbé ọrùn sókè ni, ó fi ojú kan wò ó láti ẹ̀gbẹ́, Dúdú sì yà bàrá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí ibi tí àgógó ti kan ara. Gbogbo ìyókù, ìwò lásán ni.

Ọ̀pìpì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àánú ṣe mí, mo bò ó sábẹ́ àgò ní kọ̀rọ̀ ilé, mo ń fún un ní àgbàdo tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sanra. Ọjọ́ tí mo dá a padà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bò ó, ẹ̀jẹ̀ bo ogbe rẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni. Ìwé ti sọ ọ́, mo kàn sáré kọjá ojú ewé yẹn ni: adìẹ tó bá kúrò pẹ́ ti di àlejò, wọ́n á tún ìjà ipò jà látìbẹ̀rẹ̀. Torí náà, kó o tó ṣàánú ẹranko, padà sínú ìwé. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ kò ju pé mo ń da oúnjẹ sí ọ̀nà mẹ́ta tó jìnnà síra, tí ojú Ìyá Pupa ò lè ká.

Ti èèrà, o lè ṣe é lónìí. Jẹ́ kí wọ́n tò lọ síbi ṣúgà, lójú fèrèsé, kó o wá fi ìka nu ibì kan lójú ọ̀nà wọn. Èyí tó kọ́kọ́ dé bẹ̀ á dúró, á máa fi ìwo rẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò, á yí padà. Èrò á ṣùrù bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó o nù. Tèmi gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ọ̀kan tó gbà á kọjá, ni gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. Òórùn tí wọ́n fi lélẹ̀ lójú ọ̀nà lo nù kúrò.

Lásìkò òjò, ka ti ekòló. Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1881, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Wọ́n tẹ dùùrù fún ekòló, wọn ò mira. Ìgbà tí wọ́n gbé ìkòkò tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sórí dùùrù náà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, ni wọ́n sá wọlẹ̀. Ìmìtìtì ni wọ́n gbọ́, kì í ṣe ohùn.

Tí ọgbà ilé bá ti kéré fún ẹ, lọ wo ọ̀bọ ní Lekki Conservation Centre. Tètè lọ láàárọ̀, má gbé oúnjẹ sínú náílọ́ọ̀nù dání, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì ni kó o wò: ibẹ̀ ni wọ́n ń to oúnjẹ sí bí ẹni to owó sínú pọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó lọ jókòó síbòmíì jẹ ẹ́.

Ẹ̀ga ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí. Mo kà á pé akọ ló ń hun ilé, abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí abo bá kọ̀, tí ewé rẹ̀ ti gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ á tú u palẹ̀, á tún òmíràn hun. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ilé mọ́kànlá ló so rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan tó wà níhà fẹ́ǹsì ti kúrò ní tútù, ó ti ń pọ́n, abo méjì ti wọ inú rẹ̀ wò tí wọ́n sì fò lọ. Mo ti kọ ọ́ sí apá òsì. Àfẹ̀mọ́jú ọ̀la, mo máa gbé àga síbẹ̀.