Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa sloth, ẹranko orí igi

Orúkọ ló kọ́kọ́ ba ẹranko yìí jẹ́. Preguiça ni wọ́n ń pè é ní Brazil, ìyẹn ìmẹ́lẹ́, sloth tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é kò sì yàtọ̀. Ẹni tó bá rí i lórí igi ní Bahia, Panama tàbí Costa Rica á rò pé oorun ló ń kùn ún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oríṣi sloth méjì ló wà, oníka mẹ́ta àti oníka méjì. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ mọ́ orí àwọn oníka mẹ́ta kan nínú igbó Panama, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2008 sì ni pé wákàtí 9.6 péré ni wọ́n ń sùn lójúmọ́. Ewé ló ń jẹ, ewé kò sì fúnni lágbára púpọ̀. Ohun tó bá jẹ lónìí lè pẹ́ tó oṣù kan kó tó dà tán. Ó ń ṣọ́ agbára rẹ̀ ná ni. Ìrìn bíi ti agẹmọ yẹn náà ni kì í jẹ́ kí ẹyẹ idì tètè rí i.

Àṣìṣe tó dùn wá jù ni gbígbé e ya fọ́tò. Bí ojú oníka mẹ́ta ṣe rí ló jọ ẹ̀rín, kì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sá, ńṣe ló máa dúró gbagidi, ẹni tó gbé e á wá rò pé ó fẹ́ràn òun. Ẹ má ṣe sanwó fún ẹni tó ń gbé e kiri. Inú igbó ló ti mú un.

Bí ẹ bá bá a lójú títì ńkọ́? Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ yàgbẹ́ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì ti gé igi, ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ má fà á lápá, ẹ má sì fà á ní èékánná. Ẹ dá ọkọ̀ dúró kó fúnra rẹ̀ kọjá. Bí ewu bá wà, ẹ wá ẹ̀ka igi tó gùn tó sì le, ẹ nà án síwájú rẹ̀. Tó bá ti fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ẹ rọra gbé e lọ sídìí igi tó wà níhà ibi tó dojú kọ. Ẹ má dá a padà síbi tó ti ń bọ̀, torí yóò tún bọ́ sójú títì náà. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín jìnnà sí ẹnu rẹ̀; oníka méjì máa ń géni jẹ gan-an. (Ọwọ́ ni ẹ ó wò láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀, torí ìka mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì.)

Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló jábọ́, ẹ má tíì gbé e lọ. Ẹ wòkè: ìyá rẹ̀ lè wà níbẹ̀, tó ń rọra bọ̀. Ẹ lé ajá, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ní sùúrù fún wákàtí díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú tàbí ó fara pa, ẹ pe ilé ìtọ́jú ẹranko tó wà nítòsí. Ẹ má fún un ní wàrà màlúù tàbí búrẹ́dì; wàrà ewúrẹ́ ni àwọn tó ń tọ́jú wọn máa ń lò. Ọ̀dọ̀ ìyá ni oníka mẹ́ta ti ń kọ́ ewé tó yẹ kó jẹ, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro kó tó yè lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ má wẹ̀ ẹ́ o. Àwọ̀ ewé tó wà lára irun rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, ohun alààyè tíntìntín ló ń hù níbẹ̀ tó ń fi í pa mọ́ sáàárín ewé. Ẹ má sì gbé e sí yàrá tó tutù, torí ìgbóná ara rẹ̀ ń tẹ̀ lé ti afẹ́fẹ́: bí ooru bá mú, á jẹun dáadáa, bí òtútù bá mú, oúnjẹ rẹ̀ á dínkù.

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ lágbègbè wọn, kó má gé ẹ̀ka tó so igi kan mọ́ èkejì. Bó bá ti gé e, kó na okùn tó nípọn láàárín igi méjèèjì, kó má baà jẹ́ pé wáyà iná ni sloth yóò gbà kọjá.