Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìrìn-àjò Ẹran Yíyan ní Amẹ́ríkà

Orí máàpù ni ẹni tí ó fẹ́ wa ọkọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà láti tọ́ ẹran yíyan ìlú kọ̀ọ̀kan wò ti máa ń kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Yóò pinnu pé òun yóò jẹun ní Lockhart ní Texas lọ́jọ́ Ẹtì, ní Kansas City lọ́jọ́ kejì, kí ó sì parí rẹ̀ sí Memphis lọ́jọ́ Àìkú, láìrò ó pé ìrìn Lockhart sí Kansas City nìkan ju wákàtí 10 lọ, àti pé ọ̀pọ̀ ilé ẹran yíyan ni kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Ajé. Ẹ mú ìpínlẹ̀ kan, tàbí méjì tí ó bá ara wọn pààlà.

Ẹ má ṣe pẹ́ dé. Igẹ̀ màlúù ti Texas máa ń lo wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú èéfín igi óòkù, nítorí náà èyí tí wọ́n gbé sórí iná lóru ni wọn yóò tà, bí ó bá sì ti tán, kò sí ẹni tí ó lè sáré yan òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àṣìṣe tí ó máa ń dùn mí jù ni ti ẹni tí ó dá ẹran padà pé kò jinná. A kì í fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹran nílé wa, nítorí náà ni ọkàn ṣe máa ń fò nígbà tí a bá rí ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ èèpo dúdú igẹ̀ náà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára igi tí ń jó ni ó wọ inú ẹran, tí ó sì so mọ́ èròjà tí ń mú kí ẹran pupa, débi pé àwọ̀ náà kò ní ṣí mọ́ bí ó ti wù kí ẹran náà pẹ́ tó lórí iná. Ooru inú igẹ̀ tí ó jinná dáadáa máa ń sún mọ́ 95°C.

Ẹ má sì ṣe béèrè ọbẹ̀ tí ìlú kan ń fi sí ẹran yíyan ní ìlú mìíràn. Ní Kreuz Market, ilé ẹran yíyan kan ní Lockhart, tí ó ti wà láti ọdún 1900, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi fún oníbàárà ní ọbẹ̀ ẹran tàbí fọ́ọ̀kì. Fínígà àti ata ni wọ́n ń lò sí odidi ẹlẹ́dẹ̀ ní ìlà-oòrùn North Carolina. Ní Lexington, ní ìpínlẹ̀ kan náà, èjìká ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń yàn, wọ́n sì ń fi tòmátì díẹ̀ kún fínígà náà. Mọ́sítádì ni ti South Carolina, nígbà tí ti Kansas City ki, tí ó sì dùn. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹran náà lásán.

Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ará North Carolina bá ti dárúkọ barbecue, ìyẹn ẹran yíyan, ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń wí. Texas ni ó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ẹran màlúù, tàbí Owensboro ní Kentucky, níbi tí wọ́n ti ń yan àgùntàn. Síbẹ̀, wọ́n lè ti fi ẹlẹ́dẹ̀ se ẹ̀wà, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ sì lè ni wọ́n fi di sọ́séèjì. Kí ẹ béèrè kí wọ́n tó gé ti yín, nítorí orí pákó kan náà ni ọ̀bẹ kan náà ti sábà máa ń gé gbogbo rẹ̀.