Àdìrẹ ẹlẹ́kọ lórí kánfáàsì: yáàdì mẹ́rin ló kọ́kọ́ ṣòfò

Yáàdì kánfáàsì mẹ́rin ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ (èyí tí a fi ẹ̀kọ láfún kọ àwòrán sára aṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀) kan tó ṣeé kàn mọ́ férémù bí àwòrán. Iye tí mo ná sí ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ì bá ra aṣọ òwú tó tó ìró mẹ́ta. Mo mọ̀ pé kánfáàsì kì í ṣe aṣọ aládìrẹ. Àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀dà, Jimoh Buraimoh, ayàwòrán Òṣogbo, sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ó di àwòrán. Asiru Olatunde, alágbẹ̀dẹ Òṣogbo, fi òòlù lu ìtàn sára páànù àlùmíníọ́ọ̀mù. Èmi náà ní kí n gbé ẹ̀kọ láfún kúrò níbi tó ti mọ́ ọn lára.

Yáàdì àkọ́kọ́, ẹ̀bi mi ni. Kánfáàsì tí wọ́n ti kùn ni mo rà, irú èyí tí àwọn tó ń fi ọ̀dà yàwòrán ń lò. Ọ̀dà funfun yẹn ti dí ojú òwú pa, aró kò rí ibi wọ̀, ńṣe ló ń ṣàn dànù bí omi orí ewé kókò. Ẹ yí i wò kí ẹ tó sanwó: bí iwájú bá funfun báláú tí ẹ̀yìn sì pọ́n díẹ̀, wọ́n ti kùn ún. Èyí tí wọn ò kùn náà ṣì ní ẹ̀kọ ilé iṣẹ́ lára, nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ àti sódà ìfọṣọ sè é fún wákàtí kan gbáko. Bí ẹ bá ro omi sí i lẹ́yìn ìgbà tó gbẹ, tí omi náà wọlé lójú ẹsẹ̀, ó ti tó.

Ẹ̀kọ sísè kò le, ẹni tó bá ti ro láfún rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Agolo mílíìkì láfún méjì, ṣíbí kékeré álọ́ọ̀mù kan, ṣíbí kékeré copper sulphate kan. Ẹ sè é títí yóò fi ki, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kí kókó má bàa wà níbẹ̀. Copper sulphate yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Bí aró bá fẹ́ wọnú ẹ̀kọ, òun ló ń sọ ọ́ di búlúù níbẹ̀ kó tó dé ara òwú, búlúù tó bá sì ti dì sínú ẹ̀kọ kò lè pa aṣọ láró mọ́. Májèlé ni o. Ìkòkò tí ẹ bá fi sè é kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná. Bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́, mi ò ní sọ ìyẹn, ẹni tó ń ka èyí ti mọ̀ ọ́n.

Inú ìkòkò aró ni wàhálà wà. Kánfáàsì nípọn, kì í tètè mu aró, ni mo bá fi yáàdì kejì sílẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tí mo gbé e jáde, ẹ̀kọ ń yọ̀ lára rẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹyẹ tí mo fi odindi ọ̀sán kọ ti di àbàwọ́n kan ṣoṣo. Mo rò pé ẹ̀kọ ló ṣàn jù, mo bá sè é kó ki sí i fún yáàdì kẹta. Ìyẹn gbẹ tán, ó sán kẹ́kẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà tí mo tẹ kánfáàsì díẹ̀, aró sì gba gbogbo ojú sísán náà wọlé. Mo padà sí ẹ̀kọ ti tẹ́lẹ̀ fún yáàdì kẹrin. Ó tún yọ́. Inú bí mi dé ibi pé mo fẹ́ da aró nù.

Ife méjì ló tú àṣírí náà. Mo ju èérún ẹ̀kọ gbígbẹ sínú omi lásán, mo ju òmíràn sínú omi aró. Ti inú omi lásán kàn rọ̀ díẹ̀. Ti inú aró wú, ó mọ́ gaara bí funfun ẹyin tútù, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Kọ́sítíìkì sódà tó wà nínú aró náà ni! Ó ń se ẹ̀kọ láìsí iná. Aró ẹlú tí a fi omi eérú pò náà ń ta, àmọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Èmi ń fi ojú wọn kọ́sítíìkì dà sínú aró òyìnbó.

Mo lọ ra òṣùwọ̀n. Fún omi lítà 20: aró gíráàmù 100, kọ́sítíìkì 60, haidírọ́ọ̀sì (sodium hydrosulphite, ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sínú omi) 120. Kọ́sítíìkì ni ẹ ó dà sínú omi, ẹ má da omi lé e lórí, yóò ta sí yín lójú. Bí omi bá ti di àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀, tí awọ bíi bàbà sì bo ojú rẹ̀, ó ti ṣe é lò. Mo la dúróòmù ní gígùn kí n lè tẹ́ kánfáàsì sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ojú ẹ̀kọ sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ó di òde. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn sọ ọ́ di búlúù, kí oòrùn sì tún mú ẹ̀kọ le, kí ẹ tó padà rì í. Ìgbà mẹ́fà ni mo rì í, ọjọ́ méjì ló gbà mí. Ẹ má pa rírì méjì pọ̀ di ọ̀kan nítorí ìkánjú.

Omi tútù ló ń tú ẹ̀kọ. Ti inú ojú òwú kánfáàsì ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Mo fi fínígà díẹ̀ sínú omi ìṣanṣọ ìkẹyìn kí kọ́sítíìkì lè kúrò. Ẹyẹ náà jáde, ojú rẹ̀ mọ́, kódà ìlà tó tín-ín-rín jù lọ ní ìyẹ́ rẹ̀ kò parẹ́. Ó wù mí ju èyíkéyìí tí mo ti ṣe lórí aṣọ lọ.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé kánfáàsì máa ń sún kì tí a bá sè é. Ínṣì 36 wọ ìkòkò, 33 ló jáde. Férémù ínṣì 36 tí mo ti ní kí káfíńtà kàn sílẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì ti sanwó òmíràn.