Ẹ̀rọ Tí Kì í Sùn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé lórí Ohun Èlò Tó Ń Lo Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ti sin ọmọ adìẹ rí mọ̀ pé òru ni wọ́n sábà máa ń kú. Èédú inú ìkòkò á jó tán láàárín aago méjì sí mẹ́ta òru, òtútù á wọlé, àwọn ọmọ adìẹ á kóra jọ sí igun kan, àwọn tó wà lókè á tẹ àwọn tó wà nísàlẹ̀ pa, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, olówó wọn á máa ṣa òkú. Kì í ṣe pé àgbẹ̀ náà ya ọ̀lẹ. Ó sùn ni. Ẹ̀rọ kan wà lóde báyìí tí kì í sùn, tó lè máa wo bí inú ilé adìẹ ṣe gbóná tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tó sì lè pe fóònù yín kí nǹkan tó bàjẹ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni ìwé yìí dá lé lórí.

Internet of Things ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kevin Ashton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ló fún un lórúkọ yẹn ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wà kó tó lórúkọ: láti nǹkan bí ọdún 1982 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ti so ẹ̀rọ tó ń ta Coca-Cola mọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè mọ̀ láti orí ìjókòó wọn bóyá ìgò ṣì wà níbẹ̀ àti bóyá ó ti tutù, kí wọ́n má baà fẹsẹ̀ rìn lásán. Ohun mẹ́rin ni irú ẹ̀rọ yìí ní. Èkíní ni sẹ́ńsọ̀, èyí tó ń mọ ìgbóná, ọ̀rinrin, èéfín tàbí ìwọ̀n omi; èkejì ni ọpọlọ kékeré tó ń ka ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí; ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà rìn, ìyẹn síìmù, Wi-Fi tàbí rédíò tí wọ́n ń pè ní LoRa; ẹ̀kẹrin sì ni fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ náà ń balẹ̀ sí. Òmíràn tún ní ọwọ́, tó lè tan pọ́ǹpù tàbí kó pa á. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí bá ti dákẹ́, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́ nìyẹn.

Ilé adìẹ la máa ń gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òru kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ náà bá gba ọmọ adìẹ là lè san owó tí wọ́n fi rà á. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ibi tí ọmọ adìẹ ń gbé yẹ kó wà láàárín díìgírì 32 sí 35. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó máa dín nǹkan bí 3 kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ wọn yóò fi hù dáadáa. Ẹ má ṣe gbé sẹ́ńsọ̀ náà kọ́ sí òkè àjà bí àwọn kan ti ń ṣe, torí òkè ni ooru ń lọ, ọmọ adìẹ kò sì gbé lókè. Ibi tó bá ẹ̀yìn wọn dọ́gba ló yẹ kẹ́ ẹ so ó mọ́, kó jìnnà díẹ̀ sí ìkòkò èédú, kó má sì sí níbi tí omi ìmumi ti lè ta sí i lára. Ẹ so tẹ̀mọ́mítà lásán kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa fi èyí wé ìyẹn. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ní 33 tí tẹ̀mọ́mítà sì ní 29, ẹ má tíì gba èyíkéyìí gbọ́. Ẹ wo àwọn ọmọ adìẹ fúnra wọn. Bí wọ́n bá tàn kálẹ̀ tí wọ́n ń jẹun, ooru ibẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí wọ́n bá fẹ ìyẹ́ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ti pọ̀ jù fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa pe fóònù, kó má kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ta ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ láago méjì òru? Nọ́ńbà méjì sì ni kẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀, ti ẹni tó ń sùn sí oko àti ti ẹlòmíràn tó lè jí i. Eruku àti òórùn ìgbẹ́ adìẹ máa ń tètè ba sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú jẹ́, nítorí náà ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní ọ̀kan nípamọ́. Fìríìjì tí ẹ ń kó fáksìnì Lasota, ìyẹn ti àrùn Newcastle adìẹ, sí náà yẹ fún sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀, torí àárín díìgírì 2 sí 8 ló yẹ kí fáksìnì náà wà, bẹ́ẹ̀ iná kì í dágbére fún ẹnikẹ́ni kó tó lọ.

Fún ẹlẹ́ja, àfẹ̀mọ́jú ni àkókò ewu, nítorí pé ewéko inú omi máa ń lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ní gbogbo òru láìsí oòrùn tí yóò mú kí wọ́n pèsè òmíràn. Ẹja àrọ̀ tó ti dàgbà lè yọrí mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ọ́síjìn inú omi wọ́n, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú lemọ́lemọ́. Kò pọn dandan fún ẹni tó ní adágún méjì. Ẹni tó ń pa ẹyin ẹja láti ta ọmọ rẹ̀ ni kó rò ó.

Ní oko ẹ̀fọ́ àti tòmátì, sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin ilẹ̀ ni wọ́n ń lò. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Èyí tó ní ẹsẹ̀ irin méjì tó hàn síta kò wọ́n, ṣùgbọ́n ìpẹtà á ti jẹ ẹ́ kí ohun ọ̀gbìn yín tó so. Èyí tó rí pẹlẹbẹ, tí irin rẹ̀ kò fara kan ilẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì rì í bọ ibi tí gbòǹgbò wà. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìbomirin kò nílò rẹ̀ rárá, torí pé kí ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ gbẹ láìní omi tí ẹ ó bù sí i, ẹ̀dùn ọkàn lásán ni. Ti katakata tún yàtọ̀: ilé iṣẹ́ Hello Tractor, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ katakata kí olówó rẹ̀ lè mọ ibi tó wà àti bí ilẹ̀ tó ro ṣe tó, àgbẹ̀ tí kò ní katakata sì lè háyà rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ olówó rẹ̀.

Nílé iṣẹ́ ńlá, ara mọ́tò iná mànàmáná ni wọ́n sábà máa ń lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́. Bíárìn, ìyẹn irin tí ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú rẹ̀, tó bá fẹ́ bàjẹ́ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n ju bó ti yẹ lọ, á wá máa gbóná, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dákẹ́. Ẹni tó bá rí i ní ọ̀sẹ̀ kìíní yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ẹni tí kò rí i yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí oníbàárà ń dúró. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá.

Nínú ilé, ẹ fi ohun tó lè pa ènìyàn ṣáájú ohun tó kàn ń dẹ ara lọ́rùn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń tò sí, nítorí náà ìsàlẹ̀ ògiri, nítòsí sìlíńdà, ni kẹ́ ẹ kan ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti èédú ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn rárá, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, ẹ̀rọ tirẹ̀ yàtọ̀, yàrá tí ẹ ń sùn ló sì yẹ kó wà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ lè ké láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Ní ti táǹkì omi, èmi kò rí ìdí tí folóòtì àtijọ́ kò fi tó, àyàfi tí ẹ bá máa ń rìnrìn àjò. Bí ẹ bá sì fẹ́ máa fi fóònù tan pọ́ǹpù, ẹ má ṣe kì í bọ àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí wọ́n ń fi fóònù darí: iná tí pọ́ǹpù ń fà nígbà tó bá ń gbéra pọ̀ ju èyí tó ń lò lẹ́yìn náà lọ lọ́pọ̀ ìgbà, yóò jó o. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi kọ́ńtákítọ̀, ìyẹn swíìṣì ńlá tó lè gbé iná púpọ̀, sáàárín wọn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi òǹtajà ní ìbéèrè mélòó kan. Bí iná bá lọ, wákàtí mélòó ni bátìrì rẹ̀ yóò gbé e? Ṣé Wi-Fi 2.4 GHz (irú ìgbì rédíò kan tí Wi-Fi ń lò) nìkan ló ń bá ṣe, torí pé ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí kì í bá ti 5 GHz ṣe? Èló ni dátà rẹ̀ lóṣù? Ṣé yóò ṣì ṣiṣẹ́ bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá kógbá sílé? Mo béèrè ti ìkẹyìn yìí nítorí mo ti ra ọ̀kan rí lọ́wọ́ òǹtajà kan, tó jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, áàpù rẹ̀ kò ṣí mọ́, ẹ̀rọ náà sì wà lára ògiri mi títí dòní bí aago tó ti kú.

Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ̀rọ bá gbé wá láti ilé iṣẹ́, ẹ yí i padà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé. Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn fi ọ̀rọ̀ aṣínà irú bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà àti ráútà káàkiri àgbáyé, wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Mirai kó wọn jọ, wọ́n sì lò wọ́n ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ojúlé ńlá bíi Twitter àti Netflix. Àwọn tó ni kámẹ́rà kò mọ̀ rárá. Ẹ má ṣe kan kámẹ́rà sí yàrá, ẹ má sì jẹ́ kó kọjú sí àgbàlá aládùúgbò yín; láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni.

Bí ẹ bá ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀, ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá gbé e kọ́, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi omi tútù kan sẹ́ńsọ̀ tó ṣe é rì bọ omi, tàbí kẹ́ ẹ gbé ti ilé adìẹ jáde sínú atẹ́gùn, kẹ́ ẹ sì dúró wo iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà kí fóònù tó dún.