Bí Ẹyin Díndín Mi Ṣe Wá Rọ̀

Ọjọ́ pẹ́ tí ẹyin tí mo ń dín láàárọ̀ ti máa ń le bí awọ, tí omi sì máa ń ṣàn lára rẹ̀ sínú àwo. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹyin náà ni kò dára, àṣé iná mi ni ó pọ̀ jù. Funfun ẹyin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bí ìwọ̀n 62 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pupa rẹ̀ sì máa ń dì ní nǹkan bí 65 sí 70. Bí ooru bá kọjá bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò fún omi ara rẹ̀ jáde.

Ní báyìí, mo máa ń ya funfun ẹyin 3 sọ́tọ̀, mo sì máa ń lù ú nínú abọ́ tí kò ní ọ̀rá rárá títí yóò fi hó bí ọṣẹ, tí yóò sì dúró ṣóńṣó lẹ́nu fọ́ọ̀kì. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé pupa díẹ̀ tí ó bá bọ́ sí i kò ní í jẹ́ kí ó hó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rọra da pupa tí mo ti fi iyọ̀ sí pọ̀ mọ́ ọn, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má baà jáde.

Mo máa ń yọ kóró àti omi inú tòmátì dànù, mo sì máa ń dín òun àti àlùbọ́sà gbẹ kí n tó da ẹyin lé wọn lórí iná tí kò pọ̀. Mo máa ń fi ìdérí dé e, bí òkè rẹ̀ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì ni mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀, ooru páànù yóò parí ìyókù.