Bí ẹ ṣe lè ka owó fàdákà elẹ́ja ti Lucknow

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹja. Kí ẹ tó wá orúkọ ọba, kí ẹ tó wá ọdún, ẹ máa yí owó náà lábẹ́ iná títí ẹ ó fi rí ẹja kékeré kan tó nà gbọọrọ láàárín àwọn lẹ́tà. Bí ẹ bá ti rí i, Awadh, agbègbè kan ní àríwá Íńdíà, ni owó yẹn ti wá, lọ́dọ̀ àwọn Nawab, alákòóso ibẹ̀ tó fi Lucknow ṣe olú ìlú. Machhlidar ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn elẹ́ja.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní Lucknow. Bàbá arúgbó kan tó ń ta fàdákà ní ọjà Chowk ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Chacha ni mò ń pè é, bí gbogbo ọmọ àdúgbò ṣe ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó gbé owó kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ta ló ń ṣàkóso nígbà tí wọ́n rọ eléyìí?" Mo ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, mo dáhùn. Ó mi orí. Ìbéèrè yẹn ni mo ṣì ń bi gbogbo owó Awadh tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, òun náà ni kí ẹ̀yin máa bi tiyín.

Irinṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ wá gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, ìwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, àti iná tí ẹ lè gbé sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí iná náà ti òkè wá o. Ẹ̀gbẹ́ ni kó ti tàn, kí òjìji lè bọ́ sínú kòtò àwọn lẹ́tà. Rúpìì tó pé yóò wọn tó gíráàmù 11. Bí ó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, tàbí tí mágnẹ́ẹ̀tì bá fà á, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àmì kéékèèké tí wọ́n fi irin lù sára rẹ̀, ẹ má kà á sí àléébù. Àwọn sarraf, onípààrọ̀ owó ayé ìgbà náà, ló ń lu àmì bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti dán fàdákà náà wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín ni mo fi fọ èyí tí mo kọ́kọ́ rà. Ó ń dán yanran, inú mi ń dùn, mo gbé e lọ fi han Chacha. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan tí wọn kò fọ̀ rí, ó ní kí n ka méjèèjì. Mo ka tirẹ̀, n kò rí tèmi kà. Dúdú tó wà nínú kòtò ni ojú fi ń rí lẹ́tà, èmi sì ti fọ̀ ọ́ dànù.

Ó wá ku orúkọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu owó yìí, òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lò sì fẹ̀ ju fàdákà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò sí owó kan tó gba gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Díẹ̀ lẹ ó rí, ẹ ó sì fi ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dí ìyókù. Ewì lédè Páṣíà ló wà lójú kan. Ohun tó ń sọ ni pé òjìji oore Ọlọ́run, alátìlẹ́yìn ẹ̀sìn Muhammad, Shah Alam ọba, ló rọ owó yìí fún ilẹ̀ méjèèje ayé. Ẹ wá àwọn igi gígùn tó dúró ṣánṣán nínú "Alam", wọn kì í fara pamọ́.

Ilẹ̀ méjèèje ayé! Shah Alam Kejì, ọba Mughal, ìdílé tó ti ń jẹ ọba ńlá ní Íńdíà tipẹ́, gorí oyè ní 1759. Ní 1788, olórí ogun kan, Ghulam Qadir, yọ ojú rẹ̀ méjèèjì nínú ààfin òun fúnra rẹ̀ ní Delhi. Àwọn ará Delhi a máa sọ pé ìjọba Shah Alam kò kọjá Delhi sí Palam, Palam tó jẹ́ pé ibùdó ọkọ̀ òfuurufú ìlú náà ló wà níbẹ̀ lónìí. Ìdí tí Chacha fi mi orí nìyẹn. Orúkọ ọba Mughal ló wà lójú owó, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀.

Ta ni ẹlòmíràn náà? Ní 1722, ọba Mughal fi Saadat Khan, ọmọ Nishapur ní ilẹ̀ Páṣíà, ṣe ajẹ́lẹ̀ Awadh. Ajẹ́lẹ̀ lásán ni. Oyè tí ọba lè fún ẹnikẹ́ni ni, tó sì lè gbà padà lọ́la. Saadat Khan kú ní 1739, ọdún tí Nadir Shah, ọba Páṣíà, kó Delhi lẹ́rù, agbára Delhi kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Safdar Jang, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tún jẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀, ló bọ́ sórí àga náà. Nígbà tí òun náà lọ ní 1754, Shuja-ud-Daula ọmọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Báyìí ni oyè ajẹ́lẹ̀ ṣe di ogún ìdílé. Wọn kò bá Delhi jagun gbà á, wọn kò kéde pé àwọn ti yapa. Àwọn tó wà ní Delhi kò kàn lágbára láti sọ pé ó tó mọ́.

Ọwọ́ mìíràn ni ìyà ti wá bá wọn. Ní October 22, 1764, àwọn ọmọ ogun Kọ́ńpánì Gẹ̀ẹ́sì, East India Company, ṣẹ́gun Shuja-ud-Daula ní Buxar. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó san mílíọ̀nù márùn-ún rúpìì. Ní 1775, Asaf-ud-Daula ọmọ rẹ̀ kó ìjọba kúrò ní Faizabad wá sí Lucknow, ó sì fi Banaras lé Kọ́ńpánì lọ́wọ́ lọ́dún kan náà.

Ẹ rántí Banaras yẹn, ẹ wá yí owó yín sí ojú kejì, níbi tí ẹja wà. Orúkọ ìlú tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni Muhammadabad Banaras. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣìnà. Lucknow ni wọ́n ti rọ owó náà, kì í ṣe Banaras tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹja ló ń sọ òótọ́, kì í ṣe orúkọ ìlú.

Nítòsí rẹ̀ ni ọdún ìjọba wà: 26. Ẹ ṣọ́ra, nítorí 6 tiwọn fẹ́ jọ 7 tiwa. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n Shah Alam bọ́ sí nǹkan bí 1784, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣírò ọjọ́ orí owó náà, torí 26 yìí kì í yí padà. Ọdún Hijira, ìyẹn ọdún àwọn Mùsùlùmí, tó wà lójú tí ewì wà ni kí ẹ wá. Ẹ yọ mẹ́ta kúrò nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi 622 kún èyí tó kù. Bí ó bá jẹ́ 1229, ẹ yọ 37, ó ku 1192. Ẹ fi 622 kún un, ó di 1814. Shah Alam sì ti kú láti 1806! Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ṣì wà nínú ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n ìjọba rẹ̀ ní Lucknow. Lójú tèmi, ọjà ló fà á. Owó tí ojú gbogbo èèyàn ti mọ̀ ni onípààrọ̀ ń gbà láì yọ nǹkan kan kúrò lórí rẹ̀, kò sì sí Nawab tó fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ pa orúkọ Delhi rẹ́.

Nawab Ghazi-ud-Din Haidar ló padà pa á rẹ́. Ní 1819, pẹ̀lú ìṣírí Kọ́ńpánì, ó dé adé, ó pe ara rẹ̀ ní ọba. Owó tirẹ̀ rọrùn láti dá mọ̀: ẹja méjì kojú síra wọn, adé wà lókè, ẹkùn méjì gbé àsíá dání lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n ẹ ka orúkọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ dáadáa, ẹ ó ṣì bá "suba", ìyẹn agbègbè abẹ́ ọba ńlá, níwájú Awadh. Bàbá rẹ̀ sì ti fi bí ìdajì ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún Kọ́ńpánì láti 1801. Ìgbà tí ilẹ̀ kéré ni orúkọ tó wá tóbi. Lórí owó Wajid Ali Shah, tó jẹ kẹ́yìn, "suba" ti di "mulk", ìyẹn ìjọba tó dá dúró, ẹkùn sì ti di Màmí Wọ́tà méjì. Ní February 1856, Kọ́ńpánì gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, Wajid Ali Shah sì kó lọ sí Calcutta.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí irú owó báyìí, ẹ lọ sí State Museum tó wà ní Banarasi Bagh, Lucknow. Ẹ lè rà ní Chowk náà, ṣùgbọ́n ẹ má dì í mọ́ ẹrù bọ̀ wálé. Òfin Íńdíà ti 1972 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fúnra rẹ̀ gbé nǹkan tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún kúrò nílùú. Tèmi wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tó lè dàrú mọ́ yín lójú. Ẹ lè rí owó elẹ́ja tó ní orúkọ Shah Alam, tó ní 26, tó ní 1229, síbẹ̀ tí orúkọ ìlú rẹ̀ kì í ṣe Muhammadabad Banaras, tó jẹ́ suba Awadh. Àwọn tó mọ owó wọ̀nyí kà á sí ti ìgbà ọ̀tẹ̀ 1857 sí 1858, nígbà tí Begum Hazrat Mahal gbé ọmọ rẹ̀ kékeré, Birjis Qadr, ọmọ Wajid Ali Shah, sórí oyè ní Lucknow láti kojú Kọ́ńpánì. Wọn kò fi Màmí Wọ́tà sí i, wọn kò fi adé sí i. Ìlà orúkọ ìlú nìkan lẹ lè fi dá a mọ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ gbé iná sí.